Ẹ kọ́kọ́ kí wọn: ohun tí mo kọ́ ní Saint-Denis

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Mo dúró níwájú ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ata àti ewé nínú ọjà Saint-Denis, ní àríwá ìlú Paris. Ata rodo tí mo ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta wà lórí àtẹ rẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán. Mo nàka sí i, mo béèrè iye rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò mí, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn. Mo tún un béèrè. Kò dáhùn. Mo na owó sí i, ó ń di ewé míńtì ní ìdì-ìdì, ó ń fi rọ́bà so wọ́n, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Inú bí mi débi pé mo sọ ọ́ síta ní Yorùbá: "Kí ni mo ṣe fún ọkùnrin yìí o?"

Ohùn kan dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn: "O ò kí i ni, ọmọ mi. Kí i ná."

Ìyá àgbà kan ni. Ó wé gèlè, ó wọ kóòtù dúdú lé aṣọ àǹkárá, ó ń fa báàgì onítáyà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi ń raja. Ọmọ Kétu ni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo yíjú padà sí ọkùnrin náà, mo ní, "Bonjour, monsieur." Ó gbé míńtì sílẹ̀. "Bonjour, madame." Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó wọn ata fún mi, ó sì fi ìdì míńtì kan ṣe èènì.

Ojú tì mí gidi. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Bí mo bá dé ìsọ̀ ẹnikẹ́ni ní Bódìjà tí mi ò sọ pé "ẹ kú ọjà o" kí n tó fọwọ́ kan tòmátì, ìyá mi á gbọ́ kí n tó délé. Mo kàn rò pé ìlú òyìnbó ni mo wà, pé owó nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó wọ bọ́ọ̀sì, tó fẹ́ béèrè ọ̀nà, "bonjour" ló gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde ṣáájú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó di "bonsoir". Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ ní "bonne journée", gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ó dàbọ̀ o" ká tó yísẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Saint-Denis, "salaam" tún wà lẹ́yìn bonjour, ó sì máa ń mú kí ojú wọn là.

Kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ìgbà ìrúwé ọdún 2025 ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ní. Owó yàrá láàárín ìlú Paris ga ju ohun tí apá mi ká, mo wá rí èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn ní Saint-Denis. Mẹ́ta nínú àwọn tí mo sọ fún ló ní kí n fagi lé e. Wọ́n ní agbègbè 93 ni, pé wọ́n á jà mí lólè, pé ibi ìdàrúdàpọ̀ ni. Nọ́ńbà 93 yìí ni nọ́ńbà ìpínlẹ̀ Seine-Saint-Denis, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa pè é ní "neuf-trois". Ohun tí àwọn èèyàn mi ń rántí kì í ṣe àlá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọmọdékùnrin méjì, Zyed Benna àti Bouna Traoré, sá fún ọlọ́pàá wọ ibi tí wọ́n ti ń pín iná mànàmáná ní Clichy-sous-Bois nínú ìpínlẹ̀ yẹn kan náà. Iná pa wọ́n. Bí ìbínú ṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Faransé nìyẹn, ọkọ̀ jó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn afẹ̀míṣòfò sì yin bọ́ǹbù tí wọ́n so mọ́ra lẹ́bàá pápá ìṣeré Stade de France ní Saint-Denis fúnra rẹ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 2015.

Ṣùgbọ́n ogún ọdún ti kọjá lórí èyí àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn sì ń gbé níbẹ̀. Ohun tí mo rí láràárọ̀ ni àwọn ìyá tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, àwọn arúgbó lórí bẹ́ǹṣì, búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá. Mo ṣọ́ra o. Mi ò dúró nídìí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já a gbà, tí wọ́n á bẹ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti fẹ́ pa dé. Mi ò sì rìn kiri ní aago mọ́kànlá alẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe ní Èkó náà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ìròyìn ogún ọdún sẹ́yìn gba ibi tí ẹ fẹ́ fojú yín rí lọ́wọ́ yín.

Bí oríṣiríṣi ẹ̀yà ṣe kún Saint-Denis kò ṣàdédé. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ La Plaine nígbà kan. Iṣẹ́ yẹn ló pe àwọn ará Bretagne wá láti inú ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ó pe àwọn ará Ítálì, ó pe àwọn ará Sípéènì débi pé wọ́n pe àdúgbò kan ní Petite Espagne, Sípéènì Kékeré. Àwọn ará Pọ́túgà dé, àwọn ará Àlgéríà àti Mòrókò dé, lẹ́yìn náà àwọn ará Málì àti Sẹ̀nẹ̀gàl. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ti kógbá sílé, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ kò kúrò. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo tó rí i pé kò sí àlejò nínú ọjà yẹn àfi èmi.

Ọjà yẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ná an, láàárọ̀ nìkan. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé bíi tèmi. Ilé ọjà kan wà láàárín tí wọ́n fi irin àti gíláàsì bò lórí, ẹran àti ẹja ló wà níbẹ̀; aṣọ àti ìkòkò àti ẹ̀fọ́ kún ìta. Mo rí ilá, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ólífì nínú bàsíà, dábínù tó ṣì wà lára ẹ̀ka rẹ̀. Ní ilé oúnjẹ kéékèèké tó yí i ká, ẹ jẹ màfé, ọbẹ̀ ẹ̀pà àwọn ará Málì. Ẹ jẹ atiéké ti Ivory Coast, gbágùúdá ni wọ́n fi ṣe é bíi gàrí, àmọ́ ooru omi ni wọ́n fi sè é, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń wá gàrí àti ẹ̀lùbọ́, kí ó wọ mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà 4, lọ sí Château Rouge nínú Paris.

Mẹ́tírò ìlà 13 ló ń gbé ni dé ibùdókọ̀ Basilique de Saint-Denis, tó sún mọ́ ọjà jù lọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìlà yẹn pín sí méjì ní ibùdókọ̀ La Fourche. Mo wọ ọkọ̀ tó dé láìka ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, mo bá ara mi ní Gennevilliers. Láti ọdún 2024, ìlà 14 náà ti ń dé Saint-Denis Pleyel, èèyàn kì í sì í fún mọ́ra tó ti 13. Nígbà tí mo lọ, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tírò tàbí RER, ọkọ̀ ojú irin tó ń dé àwọn ìlú tó yí Paris ká, jẹ́ 2.50 yúrò fún gbogbo agbègbè Paris, àmọ́ ti pápákọ̀ òfurufú jẹ́ 13 yúrò, lọ́tọ̀. Inú káàdì Navigo Easy ni wọ́n ń kó o sí, yúrò méjì ni wọ́n ń ta káàdì náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀ Basilique de Saint-Denis, ẹ rìn díẹ̀, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan dípò méjì. Ìjì ba èkejì jẹ́, wọ́n sì tú u palẹ̀ láàárín ọdún 1840 sí 1850. Wọ́n ń tún un kọ́ báyìí. Ẹ má ṣe kọjá lára rẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ ni pé wọ́n bẹ́ Denis, bíṣọ́ọ̀bù Paris, lórí ní bí ọdún 250, pé ó gbé orí ara rẹ̀ dání láti Montmartre, òkè kan ní Paris, ó ń rìn títí ó fi dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Suger tó jẹ́ olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló tún apá ìlà-oòrùn rẹ̀ kọ́, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1144. Ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ló bá mú kí ògiri fúyẹ́, kí fèrèsé aláwọ̀ sì tóbi. Ibẹ̀ ni irú ilé ìjọsìn tí wọ́n ń pè ní Gótíìkì ti bẹ̀rẹ̀. Wíwọlé sínú ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ó sanwó láti wo ibojì àwọn ọba. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí i, nítorí ìsìn. Ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ ná.

Láti ọ̀dọ̀ Dagobert tó kú ní 639 títí dé Louis Kejìdínlógún ní 1824, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọba ilẹ̀ Faransé sí. Àwòrán wọn sùn gbalaja lórí òkúta, ajá wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó, kìnnìún wà lẹ́sẹ̀ ọkọ. Mo dúró pẹ́ níwájú ibojì Louis Kejìlá àti ìyàwó rẹ̀, Anne ti Bretagne. Lókè, wọ́n kúnlẹ̀ wọ́n ń gbàdúrà. Nísàlẹ̀, òkú wọn ni wọ́n gbẹ́, ìhòòhò, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí ojú rírán lára ikùn ọba, òkúta ni o, níbi tí wọ́n ti là á láti kó ìfun rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì fi okùn rán an padà. Ní ilẹ̀ wa, bí ọba bá wàjà, ta ló gbọ́dọ̀ rí i? Àwọn tó yẹ nìkan ló mọ̀, wọn ò sì ní sọ. Ara mi bù mọ̀. Lọ́dún 1793, àwọn tó dojú ìjọba bolẹ̀ hú egungun wọn, wọ́n dà wọ́n sínú kòtò. Ọkàn ọmọ Louis Kẹrìndínlógún, tó kú sẹ́wọ̀n lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wà níbẹ̀ nínú ìkòkò gíláàsì. Ó gbẹ, kò tóbi rárá. Ẹni tó bá ti bímọ kò ní yára kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ṣì ń dùn mí. Níwájú ibùdókọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sun àgbàdo. Ó gbé agolo ẹyín iná sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà ní ilé ìtajà ńlá, ó to àgbàdo sórí rẹ̀. Òórùn yẹn mú mi délé lójú ẹsẹ̀. Mo yọ fóònù, mo ya fọ́tò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, ó ti ń ti kẹ̀kẹ́ náà sáré lọ pẹ̀lú iná nínú rẹ̀, àgbàdo méjì sì já bọ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá Kétu nígbà tí a tún pàdé. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kò níwèé àṣẹ àti tajà, àwọn mìíràn kò níwèé ìgbélùú, ọlọ́pàá sì ń lé wọn. Fọ́tò tí mo rò pé mo fẹ́ fi han àwọn ará ilé lè di wàhálà sí i lọ́rùn. Mo pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ bẹ ọmọ náà, mi ò bá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya ẹnikẹ́ni tí ẹ kò tíì kí, tí kò tíì ní kí ẹ ya òun. Ẹ ra àgbàdo rẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ti tó.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ná ọjà kẹ́yìn. Mo wá ìyá náà títí mo fi rí i lẹ́bàá ìsọ̀ ata kan náà, ó ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní mo wá dágbére. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà ní Ìbàdàn, ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi ẹnu kò. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, láàárín ewé kábéèjì tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Kò kánjú. Ó ní ọ̀nà á là fún mi, ó ní n ò ní ṣe kòńgẹ́ ibi, ó ní máa délé bá ilé, àwọn ọmọ mi ò ní fi mí sunkún. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ọkùnrin ata náà, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, gbé ìdì míńtì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Àmín."