Ife Òde Àríyá Tó Ṣílẹ̀kùn fún Mi ní London

Iṣẹ́ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú pọ́tífólíò mi nígbà tí mo dé London. Ọdún méje ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó l'Ékòó, mo sì di gbogbo rẹ̀ dání bí ẹrù ìyàwó: pátákó ojú títì, ìpolówó rédíò, títí kan káàdì Kérésì tí mo ṣe fún báńkì kan. Mo rò pé bí àwọn ọ̀gá bá ti fojú kàn án báyìí, wọ́n á ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń kọ̀wé sí àwọn creative director, ìyẹn àwọn ọ̀gá tó ń darí àwọn tó ń ronú ìpolówó, lórí LinkedIn, tí mo ń pe gbogbo wọn ní "Dear Sir", obìnrin inú wọn pẹ̀lú. Lóru, mò ń di ẹrù nílé ìkẹ́rùsí kan ní Barking. Nígbà tó yá, mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń ṣí iṣẹ́ mi. Ẹni méjì ló ṣí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ní Shoreditch ló là mí lójú. Kì í ṣe ọ̀gá, bóyá ló tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó gbà láti bá mi wo "book" mi (orúkọ tí wọ́n ń pe pọ́tífólíò nìyẹn láti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé e kiri nínú àpò dúdú gbàràmù). Ó sáré kọjá iṣẹ́ mẹ́wàá kí n tó mu tíì mi dé ìdajì. Ó wá dúró níbi pátákó ọṣẹ ìfọṣọ kan tí mo kọ "Wọ funfun, wọ danfo" sí.

"Kí lèyí ń sọ?"

Mo ṣàlàyé danfo fún un, ìpẹtà àti gírísì tó ń dúró de aṣọ èèyàn nínú rẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe wà fún aṣọ àti ọkọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kọ ìyẹn síbẹ̀?" Ó tún bi mí pé, nínú gbogbo ohun tó wà níbí, èwo ni èmi gan-an rò? Ìbéèrè yẹn ká mi mọ́, torí èèyàn mẹ́fà ló máa ń dọwọ́ bo iṣẹ́ kan l'Ékòó, a ó sì jọ pè é ní tiwa.

Ó ní kí n dín in kù sí márùn-ún. Ó ní kí n yéé tọrọ iṣẹ́, kí n máa tọrọ èrò wọn, kí n sì máa kọ̀wé sí irú òun tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, torí ọ̀gá máa ń bi wọ́n pé ta ni ẹ ti rí. Ó tún ní kí n wá ẹnìkejì. Bill Bernbach, tó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ ìpolówó DDB sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1949, ló mú kí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń ṣe àwòrán máa jókòó ronú pọ̀. Títí dòní, méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ London ṣì ń gbà wọ́n. Mo rí ayàwòrán kan, ọmọ Póláńdì. (Ẹni tí kò bá ní oyè yunifásítì, kó wá ètò Shift ti D&AD, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti ìpolówó. Ẹ̀kọ́ alẹ́ ni, ọ̀fẹ́ sì ni.)

Mo mú un lọ sóde òkú kan ní Old Kent Road. Wọ́n pín ife oníke tó ní àwòrán màmá olóògbé lára. Nínú ọkọ̀, mo ń sọ fún un nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, bí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ṣe ń bẹ àwa aláwọ̀ dúdú pé ká wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, torí irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro wọ́pọ̀ lára wa, òun ló sì bá ọ̀pọ̀ aláìsàn yẹn mu. Ó béèrè pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó. Mílílítà 470 ni. Ó gbé ife náà sókè, ó wò ó.

Ohun tí a ṣe nìyẹn: ife òde àríyá tó gba mílílítà 470 géérégé. Ara rẹ̀ la kọ ọ́ sí: "Ẹ ti náwó tán. Ó ku èyí." NHS ò rán wa níṣẹ́ o. Ara wa la rán.

A dì í sínú ọ̀rá bí wọ́n ṣe ń dì í lóde, a fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn àrà òfìfo; ìtàn ẹni tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fẹsẹ̀ wọlé ti sú àwọn èèyàn yìí. Ṣùgbọ́n ife yìí gan-an ni iṣẹ́ wa.

Ẹni mẹ́ta dáhùn. Creative director kan ní ká wá lọ́jọ́bọ̀. Mo pè é ní "ma", ó ní kí n máa pe orúkọ òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, ni mo bá ń yẹra fún gbogbo gbólóhùn tó lè gba pé kí n pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi wo ìyókù. Ó fún wa ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, owó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn di oṣù mẹ́ta.

Mo fi fọ́tò ife náà ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Ta ló ṣòkú?"