Ọdún Àkọ́kọ́ Láìwọ Yúnífọ́ọ̀mù

Ọdún ń kógbá sílé, kálukú ń ṣírò èrè àti òfò rẹ̀. Èmi náà á ṣírò tèmi. Wọ́ráǹtì Ọ́físà, ipò tó ga ju sájẹ́ǹtì lọ àmọ́ tí kò tíì dé ti ọ́físà gan-an, ni mo dé lẹ́nu iṣẹ́ ológun kí n tó fẹ̀yìn tì sílé ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Àwọn aládùúgbò ṣì ń bi mí pé, "Bàbá Sójà, ogun wo lẹ jà?" Bí mo bá ní ẹ̀ka ìròyìn ni mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó ju ìbọn nù tó lọ ń ta ìwé ìròyìn.

Zaria ni wọ́n ti sọ mí di sójà, Bonny Camp l'Ékòó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Fíìmù là ń fọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yìn fọ́tò la máa ń kọ orúkọ sí, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, pẹ̀lú ipò oníkálukú. Sájẹ́ǹtì tó kọ́ mi kì í jẹ́ ká tẹ bírò mọ́ ọn, torí ojú fọ́tò á hàn án. Bí o bá sì pe sájẹ́ǹtì ní kọ́pọ́rà, o rí ìjà.

Àwa là ń kọ ìròyìn tí iṣẹ́ ológun ń fi síta, ọ́físà ló ń fọwọ́ sí i. Ọ́físà ń dé, ọ́físà ń lọ. Àwa tí a jókòó tì í la mọ akọròyìn tó gbọ́ ẹyọ kan tí á kọ méjì, àti èyí tí o lè sọ òótọ́ fún kó fi pa mọ́ sínú. Pé orúkọ mi kò sí nísàlẹ̀ ìwé kò dùn mí rí. Ohun tó ń dùn mí ni "ẹ dúró ná" tí àwọn ọ̀gá máa ń sọ fún wa. Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Àríwá, láyé Lafiya Dole, orúkọ tí wọ́n fún ogun tí à ń bá Boko Haram jà níbẹ̀ kó tó di Hadin Kai lọ́dún 2021, a lè dúró títí ìlú á fi sọ tiwọn tán.

Ìdákẹ́ kan ṣoṣo ni mo fara mọ́. Orúkọ ọmọ ogun tó kú kì í jáde kí ìdílé rẹ̀ tó gbọ́. Orúkọ náà á wà níwájú rẹ lórí tábìlì, fóònù á máa dún, ìwọ á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ẹ láyè díẹ̀.

Ní January 15, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, mo lọ síbi ìrántí àwọn akọni bí ará ìlú lásán. (Ẹyẹlé àlàáfíà tí wọ́n ń tú sílẹ̀ níbẹ̀, bí kò bá fẹ́ fò, a kì í ya fọ́tò rẹ̀.) Nígbà tó kan àwọn opó láti gbé òdòdó sílẹ̀, ọmọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà rọra sún sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹni ire ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ó ń wọlé, ọjà ni kò dúró dè é.

Lóṣù kẹwàá, ohùn kan ń fò kiri orí WhatsApp pé ajínigbé ti dí ọ̀nà Ìkìrun. Àwọn kan ti ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Ìgbọ̀nà. Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bi ẹni tó fi ránṣẹ́: ta ló rí wọn, níbo gan-an, ní agogo mélòó? Ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Mo pe awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà náà, ó ní tírélà ló bàjẹ́ sójú títì. Mo kọ ìlà mẹ́ta, mo fi orúkọ ara mi sí i, mo fi ránṣẹ́ láìdúró de ọ̀gá kankan. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi nípò lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ti wá ní kí n máa kọ́ àwọn ní Sátidé-Sátidé láti oṣù kìíní. Mo ti gbà. Agogo méje sójà ni o, kì í ṣe agogo méje òde ìgbéyàwó.