Abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn fún ẹni tó ń sin adìyẹ

Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn ọdọọdún lè gba olùsìn adìyẹ lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn adìyẹ? Rárá. H5N1, fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn adìyẹ, kò sí lára àwọn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n á fi kẹ̀yìn sí i: "Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn yín gan-an.

Abala mẹ́jọ ni àbùdá fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Bí ti èèyàn àti ti ẹyẹ bá bá ara wọn pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n lè pààrọ̀ abala, kí tuntun tí ara ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí sì ti ibẹ̀ jáde. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Abala mẹ́ta nínú fáírọ́ọ̀sì tó jà kárí ayé lọ́dún 1957 ló wá láti ara ẹyẹ. Nínú ti 1968, méjì ni. Ẹni tó ń kó igbẹ́ adìyẹ láàárọ̀, tí ọ̀fìnkìn èèyàn sì wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti lè wáyé. Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń dín kù nìyẹn.

Mílílítà 0.5 ni wọ́n ń gún fún àgbàlagbà, sínú iṣan òkè apá. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mú. Ẹni tó gbà á lónìí, tí imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lọ́jọ́ kẹrin, á ní abẹ́rẹ́ ló kó o ran òun. Fáírọ́ọ̀sì tó ti kú ló wà nínú èyí tí wọ́n ń gún sápá. Kò lè bí sí i. Kí apá ro yín, kí ara sì gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn kò burú.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni fíríìjì. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó bá fara kan ògiri yìnyín tó sì dì, àdánù ni. Yíyọ́ rẹ̀ kò dá agbára rẹ̀ padà. Ẹ béèrè kí wọ́n tó gún un.

Oṣù Èrèlé 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà, ní Kaduna. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2007, ó pa obìnrin ọmọ ọdún 22 kan ní Èkó. Síbẹ̀, tí adìyẹ bá ń kú lójijì, lùkúlùkú (àrùn Newcastle) la máa ń pè é. Àmì H5N1 ni ogbe tó wú tó sì dúdú, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ́ lábẹ́ awọ, iye ẹyin tó já wálẹ̀ lójijì; ṣùgbọ́n àrùn míì lè ṣe bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ pe dókítà ẹran. Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹ má tu ìyẹ́ adìyẹ tó kú bẹ́ẹ̀, ẹ má là á, ẹ má tà á fún alápatà ní ẹ̀dínwó. Ẹran tó bá jinná dé ìdí egungun kì í ranni. Nídìí pípa àti títu ìyẹ́ ni àrùn ti ń ranni.

Fún omi tẹ́ ẹ máa ń ti bàtà bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ, tí bílíìṣì yín bá jẹ́ 3.5%, ife kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ bàtà, torí igbẹ́ máa ń pa agbára bílíìṣì. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

Bí ibà àti ikọ́ bá mú yín láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí adìyẹ kú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ fún dókítà ni pé "adìyẹ kú lọ́dọ̀ mi". Oseltamivir, oògùn tó ń gbógun ti ọ̀fìnkìn, máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 48 tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.