Baálẹ̀ Tí Kò Lárá Ìlú

Òní Sátidé ni mo ráyè dé Fleury-devant-Douaumont, nítòsí Verdun, níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé òdo ni iye èèyàn tí ìwé ìkànìyàn kọ síwájú orúkọ abúlé náà. Òdo! Síbẹ̀ ó ní máyọ̀.

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé, 422 èèyàn ló ń gbébẹ̀. Nígbà tí Jámánì dáná ìjà Verdun sílẹ̀ ní 21 oṣù Kejì ọdún 1916, kálukú gbé ohun tápá rẹ̀ ká, ó di ọ̀nà. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni abúlé yìí bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun kan sí òmíràn. Kò sí ògiri kan tó ṣẹ́ kù.

Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà: kòtò lórí kòtò, koríko ti bo gbogbo rẹ̀. Òpó kéékèèké ni wọ́n fi sàmì ibi tí ilé wà, pẹ̀lú iṣẹ́ onílé. Níbi tí oníbúrẹ́dì wà, omi òjò ló dúró sínú kòtò, ewé léfòó sójú rẹ̀. Mo ní kí n ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ilé alágbẹ̀dẹ. Mo gbàgbé iye tí mo kà dé.

Bọ́ǹbù àti egungun pọ̀ nínú ilẹ̀ náà débi pé wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n ìjọba ò pa orúkọ rẹ́. Aṣojú ìjọba ló ń yan máyọ̀ (ta ni ì bá dìbò?). Márùn-ún mìíràn wà bẹ́ẹ̀ nítòsí: Beaumont, Bezonvaux, Cumières, Haumont, Louvemont.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais wà lára àwọn tó gba odi ológun Douaumont, nítòsí abúlé náà, padà lọ́wọ́ Jámánì. Sẹ̀nẹ̀gàl lórúkọ, àmọ́ Faransé kó èèyàn ní Dahomey (Benin òde òní) náà. Àwọn ará Kétu kan tilẹ̀ sá wọ Nàìjíríà kí wọ́n má bàa mú wọn. Èmi ò mọ ìlà tí à bá kọ irú wọn sí nínú ìwé ìkànìyàn.

Ilé ohun ìrántí ogun ló wà níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin Fleury wà tẹ́lẹ̀. Mo bi obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé níbo ni máyọ̀ ń gbé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibòmíràn ni, màdáámù. Ṣé ẹ rí ilé níbẹ̀ ni?"