Ọjọ́ Tí Mo Lọ Bá Àwọn Aláta ní Bódìjà

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ro òwò kan: kí n ṣe yàrá kékeré kan tí ẹ̀rọ oníná sólà yóò máa mú tutù sí ìtòsí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, kí àwọn aláta máa kó tòmátì àti ata tí wọn kò bá tà tán síbẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n sì máa sanwó lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ti béèrè iye ẹ̀rọ, mo sì ti ṣírò èrè sínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú àwọn tí mo ń ṣírò owó wọn. Ìyẹn ni mo lọ ṣe lónìí.

Mo dúró di ọ̀sán, ìgbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ díẹ̀. Mo kí ìyá àkọ́kọ́ pé, "Ẹ kú ọjà o, mà, ajé á wọgbá," mo ra tòmátì díẹ̀, mo sì ṣàlàyé yàrá náà fún un tán pátá. Ó ní, "Ó dára gan-an, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é." Ẹnì kejì àti ẹnì kẹta wúre fún mi bákan náà. Inú mi ti ń dùn kí n tó ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè iye tí yóò máa san. Àgbà kì í sábà wo ojú ọmọ tó ń fi ìtara ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kó wá sọ fún un pé kò wúlò. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, àdúrà ni mo ń tọrọ, àdúrà náà ni wọ́n sì fún mi.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹrin, n kò dárúkọ yàrá kankan. Mo bi í pé, "Ìgbà wo ni tòmátì bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, mà, kí lẹ sì ṣe sí i?" Ọ̀rọ̀ wá tú jáde. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni, pé apẹ̀rẹ̀ tó ti Kánò wá dára lókè, ṣùgbọ́n nígbà tó tú u, ti ìsàlẹ̀ ti fọ́. Ó ṣa èyí tó fọ́ sọ́tọ̀, ó tà á ní ẹ̀ṣà fún àwọn olóúnjẹ kó tó di ọ̀sán, ó sì sá ìyókù sórí àpò kó lè gbẹ. Mo béèrè ìdí tí kò fi tọ́jú èyí tó dára di ọjọ́ kejì. Ó ní, "Àwìn ni mo fi rà á, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá gbowó. Bí mo bá fi pamọ́, kí ni mo fẹ́ fi san án?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Yàrá tí mo fẹ́ kọ́ yóò gba ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ti owó rẹ̀ mọ́lé. Ìbàjẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, nínú apẹ̀rẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n to àwọn mìíràn lé lórí nínú ọkọ̀, kí tòmátì tó dé Ìbàdàn rárá. Òtútù kò lè tún èyí tó ti fọ́ ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo, tó ń kó apẹ̀rẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló bi mí pé, "Eélòó ni apẹ̀rẹ̀ kan lálẹ́ kan?" Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó ní igba. Ìnájà yẹn wúlò fún mi ju gbogbo ìwúre àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè bóyá yóò san àsansílẹ̀ fún apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, ó ní ó di ìgbà tí òun bá fojú rí yàrá náà.

Mo ti pa ojú ewé tí mo kọ iye ẹ̀rọ sí rẹ́. Àpótí oníke tó le, tó ní ihò, tí a lè tò léra láìtẹ tòmátì fọ́, ni mo ń rò báyìí. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé apẹ̀rẹ̀ kò wọ́n, kò sí ẹni tó ń béèrè pé kó padà sílé, ṣùgbọ́n àpótí gbọ́dọ̀ padà sí òkè Ọya lófìfo. Lọ́jọ́ Sátidé, n óò lọ bá àwọn awakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, kí n béèrè iye tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn láti gbé ohun òfìfo padà, àti ẹni tó san án.