Bá Mi Ṣeré, Má Fi Mí Ṣeré

Ẹ̀rín ló wà nídìí àwàdà, ẹ̀fẹ̀, àpárá àti yẹ̀yẹ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. À ń bá èèyàn ṣàwàdà, à ń bá a ṣẹ̀fẹ̀, à ń bá a dápàárá. Yẹ̀yẹ́ kì í sábà gba "bá". Wọ́n ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bí wọ́n ṣe ń fi í ṣẹ̀sín. Àwàdà tí kò bákòókò mu ni èyí tí ẹni tó dá a rò pé "bá" lòun ń ṣe, tó sì jẹ́ pé "fi" ni olúwarẹ̀ gbọ́.

Èkó fẹ́ràn ẹ̀rín. Kọ́ńdọ́ á fèsì kan fún èrò tí kò ní ṣéńjì, gbogbo dánfó á bú sẹ́rìn-ín. Fela fi yábíìsì, ìyẹn fífi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, sọ alẹ́ kan ní Shrine n'Íkẹjà, èèyàn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ wá síbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Kétu àti Yewa náà, Ẹ̀fẹ̀, tó ń fi orin ṣe àwọn oníwàkiwà ní yẹ̀yẹ́, ní òru tirẹ̀ kí eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó. Níbi báyìí, "fi" ní àyè.

Ilé òkú ni àwàdà ti máa ń bàjẹ́ jù. Bí arúgbó bá kú n'Ísàlẹ̀ Èkó, tó fi ọmọ àti ọmọọmọ sílẹ̀, tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, ẹ̀fẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Ẹ lè gbọ́ bí bàbá ṣe máa ń ka ẹran inú ìkòkò. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, ọ̀fọ̀ ni. Ẹ wọlé, ẹ ní "Ọlọ́run á tù yín nínú, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́", ẹ jókòó, ẹ panu mọ́. Nílé òkú àgbà pàápàá, ẹ jẹ́ kí ọmọ olóògbé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ti sunkún tán ló ni òwe yẹn, kì í ṣe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Bákan náà ni ti ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná ní Balógun: òun lè ní òun ti sun súyà ọdún yìí. Bí ẹlòmíì bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ni.

Bó bá ti bọ́ lẹ́nu, ẹ má sọ pé "eré ni mò ń ṣe". Ńṣe lẹ dá ẹni tínú ń bí lẹ́bi pé kò mọ eré. Ẹ má sì ṣàlàyé ibi tí ẹ̀rín wà, torí ẹ̀ẹ̀kejì lẹ ń sọ ọ́ yẹn. "Ẹ má bínú, kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀" tó. Fún àgbàlagbà, ẹ fi ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kún un.

WhatsApp ẹbí tún burú ju ojúkojú lọ. Ẹni tó jí láàárọ̀, tó kàn fi àwàdà ránṣẹ́ láì ka ohun tí wọ́n kọ lóru, lè bá a lábẹ́ ìkéde ikú, pẹ̀lú ojú ẹlẹ́rìn-ín mẹ́ta nídìí ẹ̀. Ẹ ka òkè ná kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti lọ, ẹ pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tọ́rọ̀ kàn lórí fóònù, torí ẹnìkan á ti rí i.