Ọmọ ẹlẹ́ja tí kì í jẹ ẹja: bí mo ṣe ń ṣàlàyé ara mi fáwọn èèyàn

Ẹ jẹ́ n sọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ ẹran, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀. Oúnjẹ kọ́ ni wàhálà ẹ̀ o. Oúnjẹ tí ò lẹ́ran nínú pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bá a ṣe rò lọ, àkàrà àti ẹ̀kọ wà, gbẹ̀gìrì wà, èkuru wà, ẹ̀wà, dùndú, dòdò, ẹ̀fọ́ tí wọ́n firú sè dáadáa, ebi ò lè pa yín. Ẹnu èèyàn ni wàhálà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi yín léèrè, òun náà ni wọ́n á máa fi dà yín láàmú ní gbogbo òde tẹ́ ẹ bá lọ, torí ẹ̀, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó lanu.

Télọ̀ ni mí, Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí, màmá mi sì ń ta ẹja lọ́jà Olúwo. Ẹni tó bá mọ Olúwo á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Àrọ̀ ni o, ẹ̀pìyà ni o, ọ̀bọ̀kún ni o, ọ̀yà àti ẹran ìgbẹ́ oríṣiríṣi tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ mi ní kékeré ni kí n máa bá wọn pa àrọ̀. Àrọ̀ kì í tètè kú, wàá fi igi gbá a lórí, wàá da iyọ̀ àti omi gbígbóná sí i kí ara ẹ̀ má bàa máa yọ̀ lọ́wọ́, wàá là á níkùn, irùngbọ̀n ẹ̀ á ṣì máa mì. Nígbà tí mo wá tó ẹni tó lè pinnu ohun tó fẹ́ jẹ, mo fi ẹja sílẹ̀, kò pẹ́ ẹran náà tẹ̀ lé e. Ìdí ẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ ṣe burúkú, mo ṣì máa ń bá màmá mi tajà tọ́wọ́ wọn bá dí, táwọn oníbàárà bá sì ní "ìwọ tó ò jẹ ẹja lo wá ń tà á fún wa," mo máa ń bi wọ́n pé ṣé ẹni tó ń ta pámpáàsì náà máa ń wọ̀ ọ́ ni.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ fún olóúnjẹ pé vegetarian ni yín, ìyẹn ẹni tí kì í jẹ ẹran àti ẹja, nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ rè é, mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á lórí:

"Ẹ bá mi bu ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ má fi ẹran sí i o, vegetarian ni mí."
"Ó dáa, ẹja ńkọ́?"
"Mi ò jẹ ẹja mà."
"Ẹ ò jẹ ẹja! Pọ̀nmọ́ ńkọ́?"
"Ara ẹran náà ṣebí ni pọ̀nmọ́."
"Pọ̀nmọ́ kì í ṣẹran jàre, awọ lásán ni."

Gbogbo bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣíbí ọbẹ̀ ti wà lórí ìrẹsì, ede sì wà nínú ọbẹ̀ yẹn rẹpẹtẹ. Kì í ṣe pé obìnrin yẹn ò gbọ́n. Lójú ẹ̀, ẹran ni màlúù àti ewúrẹ́, ẹja lọ́tọ̀, adìyẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́tọ̀, ede sì jẹ́ nǹkan amọ́bẹ̀dùn bí iyọ̀ àti màgí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tẹ́ ẹ sọ yẹn ò sọ nǹkan kan fún un.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wá máa ń sá sábẹ́ irọ́ kékeré, mo mọ gbogbo irọ́ yẹn dunjú, kò sí èyí tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹni tá a jọ ń ṣe é. Àwọn kan á ní dókítà ló ní káwọn má jẹ ẹ́. Háà. Ẹ ti dáràn. Ìtọ̀ ṣúgà ni àbí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á fẹ́ mọ̀, àgbo á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àdúrà á máa wọlé, ìyá kan á sọ pé ẹran pupa nìkan ni dókítà máa ń kọ̀ fún èèyàn, ẹja kì í ṣe nǹkan kan, wọ́n á sì fi orí ẹja síwájú yín pẹ̀lú ìfẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún rí yín tẹ́ ẹ ń jẹ ẹyin, wọ́n á ní ṣé ara ti yá ni. Tẹ́ ẹ bá ní ààwẹ̀ ni, wọ́n á bi yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa túnu. Ààwẹ̀ wo ló ń gba gbogbo ọdún?

Èyí tó dùn sọ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni èèwọ̀. Yorùbá kì í bá èèyàn jà lórí èèwọ̀, ẹni tó bá ní èèwọ̀ òun ni, wọ́n á gbé abọ́ kúrò wéré, ṣebí kò sẹ́ni tó ń rọ ọlọ́bàtálá kó mu ẹmu. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ nílé, ó nídìílé, àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń bẹ láyé. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, kò mọ̀ pé àbúrò bàbá ẹ̀ wà lẹ́yìn òun, bàbá yẹn ní "èèwọ̀ wo? Apẹja ni bàbá bàbá ẹ, kí lo rò pé wọ́n fi kọ́ ilé?" Gbogbo tábìlì ló yí padà wò ó. Títí dòní tí wọ́n bá rí i lóde, wọ́n á ní ẹlẹ́èwọ̀ ti dé.

Tẹ́ ò bá wá sọ nǹkan kan rárá ńkọ́, tẹ́ ẹ kàn ń ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́? Wọ́n á bá yín wá ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ ti lóyún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, owó ò sí, tàbí ẹ ti wọ ẹgbẹ́ kan. Àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ nínú wọn á bi yín bóyá ìjọ Seventh Day lẹ̀ ń lọ, torí Babcock, yunifásítì ìjọ yẹn tó wà n'Ílíṣàn, ò jìnnà sí wa, wọ́n sì mọ̀ pé wọn kì í se ẹran fáwọn ọmọ níbẹ̀. Wọ́n ti bi èmi náà rí, pẹ̀lú híjáàbù lórí mi o!

Èyí tó wá ń ṣiṣẹ́ fún mi rè é. Mi ò kí ń pe orúkọ kankan. Mo máa ń ka àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, kí wọ́n tó bu oúnjẹ, lẹ́yìn náà mo máa sọ ohun tí mo máa jẹ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò kí ń jẹ ẹran, mi ò kí ń jẹ ẹja, pọ̀nmọ́ àti ede náà, mi ò kí ń jẹ wọ́n. Tí ẹyin bá wà, ẹ fún mi ní méjì, dòdò náà, ẹ bù ú dáadáa." Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ló lágbára jù. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ebi lọ, ìtìjú ẹ̀ nìyẹn, òun ló ṣe ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ jẹ pọ̀nmọ́. Tẹ́ ẹ bá ti fún un ní nǹkan tó lè fi ṣe yín lálejò, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Tó bá ní kí ló dé, ẹ sọ ìdí yín ní gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ dákẹ́. "Bó ṣe wù mí nìyẹn mà" náà, ìdí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe lẹ́kíṣọ̀ fún èèyàn nídìí tábìlì, ẹ rántí pé ẹni tó bá ní kí èkuru tán kì í gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo. Tẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pa màlúù fún ẹni tó ń jẹ màlúù lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ dá ìjà sílẹ̀ o, kì í ṣe òun.

Lórí ọ̀rọ̀ inú ìkòkò, ẹ yáa pinnu ibi tẹ́ ẹ máa dé nílé yín kẹ́ ẹ tó jáde. Òróró tí wọ́n fi dín dòdò yẹn lè ti dín ẹja láàárọ̀. Mọ́ínmọ́ín ẹ̀lẹ́mìí méje, ẹ mọ àwọn ẹ̀mí tó wà níbẹ̀. Màgí tí wọ́n ń sọ sí ìrẹsì náà, ẹ yí ẹ̀yìn páálí ẹ̀ wò, òmíì wà tó ní ọ̀rá adìyẹ, òmíì wà tó ní ede. Nílé mi, irú àti iyọ̀ ni mò ń lò. Lóde, mi ò bi wọ́n léèrè òróró, mi ò bi wọ́n léèrè màgí, mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ẹran àti ẹja ò sí nínú abọ́ mi ni. Èyí tó máa ń bí mi nínú ni kí wọ́n fi ṣíbí yọ ẹran kúrò lórí ẹ̀fọ́ lójú mi, kí wọ́n wá na abọ́ yẹn sí mi pé "mo ti yọ ọ́." Mi ò kí ń gbà á. Mo máa ń rọra sọ pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì.

Àwọn kan wà lórí fóònù tí wọ́n máa sọ fún mi pé bí mo ṣe ń jẹ ẹyin yìí, n kì í ṣe ojúlówó vegetarian. Ẹ má dà wọ́n lóhùn. Ìjà yẹn ti wà kí wọ́n tó bí wa. Orúkọ Pythagoras, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe irú oúnjẹ yìí ní Yúróòpù tẹ́lẹ̀, lọ́dún 1847 ni wọ́n dá Vegetarian Society sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ wàrà àti ẹyin mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí Donald Watson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi lọ dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1944 tí wọ́n sọ ọ́ ní vegan, àwọn yẹn ò jẹ ẹyin, wọn ò mu wàrà, oyin gan-an wọn kì í lá a. Ó tún yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan l'Ọ́dọ̀gùnyàn ní Ìkòròdú, ará Íńdíà lọ̀gá ẹ̀, kì í jẹ ẹran rárá, àbúrò mi wá fi ẹyin bíbọ̀ ṣe é lálejò, ọ̀gá ní rárá o, ẹran lẹyin. Ṣùgbọ́n wàrà, ó ń mu ún bí omi! Lọ́dọ̀ wọn, àmì roboto aláwọ̀ ewé ni òfin ní kí wọ́n fi sára páálí oúnjẹ tí kò lẹ́ran, ẹyin kì í sì í gba àmì yẹn. Ta ló wá fẹ́ bá mi fa èwo nínú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló gba sùúrù. Lásìkò Iléyá, tí ọdún Kayokayo tún ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, èyí táwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó ṣẹ̀ wá láti Èkó, fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ ọba Èkó ṣe kó wá síbí lọ́dún 1851, ẹran á máa rìn láti ilé dé ilé. Ẹ má dá a padà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní kí Ọlọ́run ṣe é ní àmọ́dún, kẹ́ ẹ gbé e fẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ nínú ilé. Ẹni tó gbé ẹran ọdún wá ò bi yín ní nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń jẹ, ó wá kí yín ni. Tí ẹnì kan bá sì ní ṣé ẹ fẹ́ sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe ní hàláàlì di hàráàmù ni, ẹ ní rárá o, hàláàlì ni, ẹ̀yin ni ẹ ò kàn jẹ ẹ́, hàláàlì náà ni ilá, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì jẹ ẹ́.

Ìyá ọkọ mi, ìkọ́kọrẹ́ wọn ò láfiwé, panla wà nínú ẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ede. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọwọ́ wọn ò dùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ṣá. Mo wá ń tètè dé ilé ìdáná wọn, mo máa ń bá wọn rin ewùrà, tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n da ẹja sí i, mo máa ní, "Màámi, ẹ bá mi yọ tèmi sínú ìkòkò kékeré yìí." Wọ́n á fi epo, ata àti irú sí i, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní èyí ò lè dùn, wọ́n á tún tọ́ ọ wò. Ní báyìí àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé "ìyàwó mi ò jẹ ẹja o, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu." Tí ìyá ọkọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ta ló kù?

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń ṣàlàyé kínníkínní ni ọsibítù. Fún nọ́ọ̀sì, ẹ ka gbogbo ẹ̀, ẹyin, wàrà, ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ àtohun tẹ́ ò jẹ, pàápàá tẹ́ ẹ bá lóyún. Fítámì B12 wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, kì í sí nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, torí ẹ̀ ẹni tí kò bá jẹ ìkankan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ẹ̀ tàbí kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi sí. Áyọ́ọ̀nù tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ara máa ń tètè gbà á tẹ́ ẹ bá fi ọsàn lé e, ṣùgbọ́n tíì tẹ́ ẹ̀ ń mu lé oúnjẹ lórí yẹn ń dí i lọ́wọ́. Nígbà oyún àbígbẹ̀yìn mi, nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kọ ohun tí mo kà fún un sínú káàdì, ó fún mi ní oògùn, kò bá mi jiyàn rárá.

Wọ́n tún máa ń bi mí ní ti àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ mi ń jẹ ẹja, bàbá wọn náà ń jẹ ẹ́, èmi náà ni mo sì ń sè é fún wọn nínú ìkòkò ọ̀tọ̀. Àbígbẹ̀yìn yìí ti ń sọ kiri àdúgbò pé òun àti màmá òun kì í jẹ ẹja, ṣùgbọ́n alífáà wọn ti sọ fún mi pé ẹja díndín ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń jẹ nílé kéú.